Ẹni Tí Ó Fẹ́ Dá Lọ sí Jàpáànì

Tẹ́lọ̀ kan tí ó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa ní Òkìtìpupa ti ń tọ́jú owó láti ọdún mẹ́ta. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Jàpáànì, ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ó fi ń ránṣọ. Òun nìkan ni yóò lọ. Ajẹ́ńtì kan ti ní kí ó tètè mú owó tíkẹ́ẹ̀tì wá, kí ó má baà wọ́n sí i. A ní kí ó ṣe sùúrù ná.

Pásípọ́ọ̀tù ni ìṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni físà, èyí tí í ṣe ìwé àṣẹ láti wọ ìlú wọn. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jàpáànì wà ní Àbújá. Wọn yóò bèèrè iye ọjọ́ tí ẹ óò lò, ibi tí ẹ óò sùn, àti iye tí ẹ ní ní báńkì. Wọ́n lè fún yín, wọ́n sì lè má fún yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kò ní dá padà kí físà tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rì.

Ọkọ̀ òfuurufú kì í ti Èkó lọ tààrà sí Jàpáànì. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò sọ̀kalẹ̀ ní Addis Ababa, tàbí Dubai, tàbí Doha. Owó rẹ̀ sábà máa ń dínkù láti àárín oṣù kìíní wọ oṣù kejì. Ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa o!

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ìwé náà fúnra yín. Ẹ gbé pásípọ́ọ̀tù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi ìka tọ orúkọ yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé tí ajẹ́ńtì kọ fún tẹ́lọ̀ wa, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Wọ́n lè torí rẹ̀ dá a padà ní Ìkẹjà. Òun ni ó rí i, kì í ṣe àwa.

Ẹ wá wo ọjọ́. Aago Jàpáànì fi wákàtí 8 ṣáájú tiwa. Bí aago 5 ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Òkìtìpupa, aago 1 òru ọjọ́ kejì ni ní Tokyo. Ìrìn náà sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbéra lálẹ́ ọjọ́ Ajé lè má dé títí di Ọjọ́rú. Bí ó bá ti san owó ibùsùn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sanwó bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn.

Ẹni tí ó dá wà kò nílò yàrá ńlá. Àwọn ilé kan wà tí ó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì nìkan ni ẹ óò háyà, ẹ̀yin àti àwọn àlejò mìíràn nínú yàrá kan. Wọ́n tún ní ibùsùn kan bí àpótí, tí ẹnìkan ń rá wọ̀. Ìlú Osaka ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 1979. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ènìyàn sì ń sùn. Àwọn kan kì í gba obìnrin, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Tẹ́lọ̀ wa ṣì ń retí físà. Owó rẹ̀ ṣì wà ní báńkì.