Jókòó sí Kútọnu, bẹ kọ̀ǹpútà Malanville wò: Wo bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é, àti ohun tó yẹ kí oníṣòwò béèrè

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. ACE àti SAT-3 gúnlẹ̀ sí Kútọnu níbí, Benin sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, oníṣòwò á máa bínú pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ìbéèrè ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ yàtọ̀: nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà níkàáwọ́ òun, èwo ló ṣì ń dáhùn, èwo ló ti dákẹ́?

Kò lè wọkọ̀ lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti Kútọnu dé Parakou lé ní 400 kìlómítà, ti Malanville sì lé ní 700. Orí ìjókòó rẹ̀ ló ti máa wọ inú wọn. A wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ó kan ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà tàbí kámẹ́rà bá wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé láti òkèèrè?

Ọ̀nà àtijọ́ ni telnet. Gbangba ló ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá, bí ẹni ń pariwo àṣírí láàárín ọjà. Lọ́dún 1995, lẹ́yìn tí àwọn olè ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀ ní Helsinki, Tatu Ylönen ọmọ ilẹ̀ Finland ṣe SSH, tó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àdììtú kó tó gbé e sọ́nà.

Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í rí àwòrán kankan. Ó máa tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ á sì fi ọ̀rọ̀ fèsì. Bó bá tẹ uptime, ẹ̀rọ á sọ ìgbà tó ti wà lójú iṣẹ́. Bó bá tẹ df, á sọ bí àyè tó ṣẹ́kù ṣe pọ̀ tó.

Ta wá ni ìránṣẹ́ náà?

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ mẹ́ta, ọwọ́ lè ká a. Bó bá jẹ́ 60, ilẹ̀ á ṣú kó tó parí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ script, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé fúnra rẹ̀. Don Libes, tó ń ṣiṣẹ́ ní NIST ní Amẹ́ríkà, gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ irú rẹ̀, tó ń jẹ́ Expect, jáde lọ́dún 1990. Expect máa ń dúró de ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kejì fẹ́ sọ. Bí ẹ̀rọ náà bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, á fún un. Bó bá ti ṣetán, á pàṣẹ, á kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì, á sì kọjá sí ẹ̀rọ tó kàn.

Iṣẹ́ ẹrú, ọgbọ́n ọmọ

Yorùbá ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Script kò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó kọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n náà sínú rẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tí SSH bá pàdé ẹ̀rọ kan, ó máa ń béèrè bóyá òótọ́ lẹ mọ̀ ọ́n. Script tí wọ́n bá kọ́ láti dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà gbogbo lè kó àṣírí lé ayédèrú ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Èkejì ni pé ẹ̀rọ máa ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ sọ àṣìṣe. Bí script bá gba èsì lásán, tí kò gba àṣìṣe, fáìlì lè ṣófo, ọ̀gá á sì rò pé àlàáfíà ni. Ó yẹ kó gba méjèèjì, kó kọ orúkọ ẹ̀rọ, ọjọ́ àti wákàtí sí i, kó sì ní iye àkókò tó máa dúró kó tó sọ pé ẹ̀rọ kan kò dáhùn.

Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Ewu tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kíkọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú script. Ẹni tó bá ti da fáìlì yẹn kọ ti ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lọ́wọ́. SSH ní ọ̀nà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ oníméjì: ọ̀kan wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nìkan, èkejì wà lórí ẹ̀rọ. Wọ́n lè dín agbára rẹ̀ kù sí àṣẹ kan ṣoṣo. Bí òṣìṣẹ́ náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á yọ tirẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ti àwọn yòókù kò ní yí padà.

Ohun tí ẹ lè béèrè

Bí ẹnì kan bá ń bá yín tọ́jú ẹ̀rọ láti òkèèrè, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà? Àkọsílẹ̀ ohun tí o ṣe lánàá dà? Bí o bá lọ, báwo la ṣe máa yọ ọ́ kúrò? Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni SSH àti Expect, ògbólógbòó kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Orí ẹ̀rọ tiyín ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tó dá lórí ọ̀rọ̀ ayélujára ní Benin, ka wíwọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíì láìgbàṣẹ sí ọ̀ràn.