Èjìká Aṣọ Ọkùnrin Kò Dọ́gba: Àpẹẹrẹ Àròkọ Ajẹmọ́-ìsípayá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nínú àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá, iṣẹ́ yín ni láti la ohun kan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí orí-ọ̀rọ̀ bá ní kí ẹ fi nǹkan méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wé ara wọn, ẹ kọ́kọ́ wá ibì kan ṣoṣo tí ẹ ó ti máa wò wọ́n. Nínú àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí, èjìká ni mo yàn.

Ìlapa èrò
(i) Ìfáàrà: ìdí tí èjìká fi ṣe pàtàkì
(ii) Agbádá àti sàpárà
(iii) Dàńdógó àti gbárìyẹ̀
(iv) Bùbá
(v) Kóòtù: ti Róòmù àti ti Naples
(vi) Ohun tí àìṣàlàyé lè bàjẹ́
(vii) Ìkádìí

Àròkọ

Bí ẹ bá dúró ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí òde pọ̀, ẹ ó rí oríṣiríṣi aṣọ lọ́rùn àwọn ọkùnrin. Ojú ẹni tí kò mọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí àwọ̀ àti iṣẹ́ ọ̀nà ọrùn. Ojú aránṣọ kì í kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Èjìká ni ó ń wò, nítorí pé orí èjìká ni aṣọ gùn lé. Bí èjìká bá yẹ, ìyókù yóò rọrùn. Bí èjìká bá bàjẹ́, ọ̀nà ọrùn mẹ́wàá kò lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí agbádá. Agbádá kò ní apá tí a rán mọ́ ọn. Aṣọ kan náà ni ó ti iwájú gba orí èjìká kọjá lọ sí ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì là sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ òkè ni a fi dá a, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni a hun aṣọ náà kí a tó so ó pọ̀. Fífẹ̀ agbádá ni ó di apá fún un. Ó lè gùn dé ìka ọwọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó wọ agbádá ni ó ń ṣe èjìká rẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò ká ti ọ̀tún, yóò ká ti òsì, yóò gbé e lé èjìká. Bí ó bá dìde láti kí àgbà, yóò tún un ká. Kò sí téèpù tí ó lè wọn èyí, ìṣesí ni.

Sàpárà jẹ́ àbúrò agbádá. Wọ́n ní orúkọ Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà ni a fi pè é, ìyẹn oníṣègùn òyìnbó, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí a bí ní Freetown ní 1861, tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí ó sì kú ní 1935. Agbádá ńlá ni í lára, ni ó bá ní kí aránṣọ dín in kù. Sàpárà fúyẹ́, kò sì fẹ̀ tó agbádá, nítorí náà kíká rẹ̀ lé èjìká kò pọ̀.

Dàńdógó yàtọ̀ sí àwọn méjì yìí, nítorí pé òun ní apá. Apá náà fẹ̀, a sì rán an mọ́ ara ẹ̀wù, kò dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò ká a. Aṣọ púpọ̀ ni ó ń gbà, ó sì ń fẹ́ ìrònú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Gbárìyẹ̀ náà ní apá rírán, ṣùgbọ́n òun kò gùn tó dàńdógó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀. Ó dára fún ijó, nítorí pé èjìká rẹ̀ kì í yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí ènìyàn bá ń jó.

Abẹ́ agbádá ni bùbá wà. A ó ká aṣọ sí méjì, a ó gé ọrùn sí i, a ó sì rán apá mọ́ ọn ní títọ́. Ojú ìrán apá yìí kì í sí lórí egungun èjìká gan-an. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí apá. Ìdí nìyẹn tí bùbá kan ṣoṣo fi lè ba ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mu.

Ẹ wá wo kóòtù òyìnbó. Níbí, aránṣọ ni ó ń ṣe èjìká, kì í ṣe ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Yóò gé ihò apá, yóò gé apá náà lọ́tọ̀, yóò sì rán an mọ́ ihò yìí yípo. Àwọn ará Ítálì gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ọwọ́ wọn kò dọ́gba. Ní Róòmù, níbi tí a ti dá ilé iṣẹ́ Brioni sílẹ̀ ní 1945, wọ́n máa ń fi aṣọ líle àti òwú sí èjìká kí ó lè dúró ṣánṣán. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kéré yóò rí èjìká yá lò. Ní Naples, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ní àwọn ọdún 1930, aránṣọ kan tí ń jẹ́ Vincenzo Attolini, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé aṣọ Gennaro Rubinacci, yọ ohun líle wọ̀nyí kúrò. Wọ́n ní irú èjìká kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spalla camicia, ìyẹn èjìká ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gé apá kí ó fẹ̀ ju ihò rẹ̀ lọ, wọ́n á rọra kó o mọ́ra bí wọ́n ti ń rán an, tí yóò fi hunjọ díẹ̀ lókè. Ó fúyẹ́, ó sì gba ọwọ́ láyè.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni èyí kàn wá? Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe mí. Ní ilẹ̀ Èkìtì, àwọn obìnrin ni ó máa ń hun kíjìpá lórí òfì tí ó dúró lóòró nínú ilé. Ìyá mi wà lára wọn. Ó hun kíjìpá kan fún mi kí ó tó kú, mo sì tọ́jú rẹ̀ di ọdún tí mo fẹ̀yìn tì. Mo gbé e lọ fún aránṣọ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi mí pé, “Tíṣà, irú èjìká wo ni ẹ ń fẹ́?” Mo dáhùn pé, “Ṣe èyí tí ó bá yẹ àgbà.” Kóòtù ni ọmọ náà mọ̀ ọ́n rán jù. Nígbà tí mo padà dé, ó ti gé kíjìpá náà ní èjìká méjèèjì, ó sì ti gbẹ́ ihò apá sí i. Kíjìpá ki; ojú ìrán rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta léjìká. Agbádá kò ṣe é rí nínú rẹ̀ mọ́, òwú tí ìyá mi ran kò sì ṣe é wá lọ sọ́jà. Inú bí mi sí i gidigidi. Nígbà tí ó yá, mo bi ara mi pé, ta ni kò ṣàlàyé? Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ìbá gba aṣọ ìyá mi là: má gé èjìká.

Ní àkótán, ẹni tí ó wọ agbádá ni ó ń ṣe èjìká rẹ̀; ojú ìrán apá ni ó ń di ti dàńdógó àti gbárìyẹ̀ mú; ti bùbá sọ̀ kalẹ̀ kí ó lè gba gbogbo ara; aránṣọ ni ó sì ń dá ti kóòtù. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Irú aṣọ tí ó wà lọ́wọ́, òde tí a ń lọ àti ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni yóò sọ èyí tí ó yẹ. Gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé. Ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kó yẹni.

Àkíyèsí

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè kan náà ni mo ń bi gbogbo aṣọ wọ̀nyí: ta ni, tàbí kí ni, ó ń ṣe èjìká rẹ̀? Ẹ má ṣe kọ pé “agbádá jẹ́ aṣọ ńlá tí ó rẹwà” kí ẹ sì dákẹ́. Olùyẹ̀wò kò tíì rí nǹkan kan kọ́. Ẹ tún wò ó pé ìtàn kíjìpá kò gùn. Ó wà níbẹ̀ láti ti àlàyé lẹ́yìn ni, kò gbọdọ̀ gba ipò rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kọ àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:
(a) Oríṣiríṣi fìlà ọkùnrin àti bí a ṣe ń dé wọn
(b) Ìyàtọ̀ láàárín kíjìpá àti aṣọ òkè