Ìdí Abọ́ Igi àti Ìṣòro Dídì í Mú Lórí Ẹ̀rọ Ayígi

Iṣẹ́ agbẹ́gi tí ó ń fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ ọpọ́n yàtọ̀ gédégbé sí ti ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ ayígi, èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin mọ̀ sí léètì. Lọ́wọ́ agbẹ́gi, irin ni ó ń rìn. Bí ibì kan bá ṣẹ́kù, yóò yí igi padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lórí ẹ̀rọ, igi ni ó ń yí. Ohun kan gbọ́dọ̀ dì í mú, ibi tí ohun náà sì ti dì í mú ni irin kò lè dé. Ìdí abọ́ kò ṣeé parí láìtú u. Bí wọ́n bá sì tú u, kò sí ohun tí yóò máa yí i mọ́.

George Lailey, tí ó kú ní 1958, wà lára àwọn tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ gbẹ́ abọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bucklebury Common ní Berkshire ni ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Reading. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣóńṣó méjì ni ó há igi mọ́ àárín, ọ̀kan níhà ẹnu abọ́, èkejì níhà ìdí. Nítorí èyí, kùkùté kan a máa dá dúró láàrin inú abọ́ títí iṣẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Oníṣẹ́ yóò ṣẹ́ ẹ, yóò sì fi ọ̀bẹ fá ojú rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ náà hàn. Kò sì dájú pé ó ba ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí.

Lórí ẹ̀rọ oníná, ẹ̀mú ẹlẹ́nu mẹ́rin ni ó máa ń di gọ́ńgọ́ kékeré kan mú nídìí abọ́. Wọn yóò gbẹ́ inú, wọn yóò fi sáńpépà dán an. Gọ́ńgọ́ náà nìkan ni yóò kù. Dídojú abọ́ dé ni ó kàn. Wọn yóò gbẹ́ àfọ́kù igi kan ní róbótó kí ẹnu abọ́ lè wọ̀ ọ́ géérégé, wọn yóò sì fi ṣóńṣó ẹ̀yìn ẹ̀rọ ti ìdí rẹ̀. Bí ó bá fún jù, ẹnu abọ́ lè là. Bí ó bá dẹ̀ jù, abọ́ lè fò lu oníṣẹ́ lójú. Igi tútù tún dá kún un. Bí ó ti ń gbẹ, kì í súnkì bákan náà níhà gbogbo, ẹnu tí ó rí róbótó a sì di bí ẹyin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ gbẹ́ abọ́ nípọn, ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú rẹ̀, tí wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Gọ́ńgọ́ náà yóò ti wọ́ pẹ̀lú. Òun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ abọ́ tí ó dojú dé. Afẹ́fẹ́ ìta ni ó ń tì í mọ́lẹ̀, nǹkan bí kílógíráàmù kan lórí sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú àti òró. Bí ibi tí ó bò bá fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, bí ìdajì afẹ́fẹ́ nìkan bá tilẹ̀ jáde, ó ju 150 kílógíráàmù lọ. Abọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè fọ́ sínú. Bí igi bá sán, afẹ́fẹ́ yóò gba ibẹ̀ wọlé. Bí iná bá sì lọ lójijì, bí ó ti máa ń ṣe, ìdìmú lè tú nígbà tí abọ́ ṣì ń yí. Ó sàn kí ṣóńṣó ẹ̀yìn wà nídìí rẹ̀ títí yóò fi ku kùkùté tí ó tó ìka ọwọ́ kan, kí oníṣẹ́ pa ẹ̀rọ, kí ó sì mú ọ̀bẹ.