Àwọn Obìnrin Inú Ìtàn Ìwáṣẹ̀ Àti Ìwà Tí A Fi Ń Yìn Wọ́n

Ẹni tí ó ń ta ata ní ọjà Mile 12 lè máà mọ̀ pé orúkọ obìnrin méjì ni òwò òun rọ̀ mọ́. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú ata àti tòmátì náà wá. Ọya, aya Ṣàngó, ni Yorùbá sì fi sọ odò ńlá tí òyìnbó ń pè ní Niger lórúkọ. Odò tí ó ń ṣàn kọjá ní ẹ̀bá Mile 12 àti Àgbóyì lọ sínú ọ̀sà ni odò Ògùn, ilé Yemọja, Yèyé-ọmọ-ẹja.

Ní Kòsọ́fẹ́ òde òní, ìbẹ̀rù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ odò yìí. Láti orí ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ni omi ti ń ya wọ inú Ògùn. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ará Àgbóyì, Kétu àti agbègbè Mile 12 a máa kó ẹrù wọn sá. Odò kan náà ni àwọn àgbà ń pè ní ìyá. Kò sí ìtakora níbẹ̀. Ìyá tí ń tọ́jú ọmọ ni ó ń bá ọmọ wí.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ ni a ń pe irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àlọ́, nítorí pé àwọn tí ó ni ín gbà pé òótọ́ ni, wọ́n sì ń fi ìwà àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ díwọ̀n ìwà tiwọn. Yorùbá nìkan kọ́ ni ó sì ní in. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà ń bọ Saraswati fún ìmọ̀, wọ́n ń bọ Lakshmi fún ọlà. Ibi tí iṣẹ́ wà fún olùkọ́ ni pé kí ó mọ ìwà tí ìtàn kọ̀ọ̀kan ń yìn ní tòótọ́, nítorí pé ohun tí a ń sọ nínú kíláàsì kì í fìgbà gbogbo bá ìtàn mu.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀ṣun. Sùúrù ni a máa ń sọ pé ó jẹ́ ìwà rẹ̀, nítorí pé omi tútù ni. Ohun tí ó wà nínú odù Ọ̀ṣẹ́tùá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sí ilé ayé, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàrin wọn. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ń pàdé, wọ́n ń pín iṣẹ́, wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Ni gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bá ń wó. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ohun tí ó bi wọ́n ni pé obìnrin tí ó wà láàrin wọn ń kọ́? Wọ́n ní láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun kò ṣẹ́ apá, kò sì pariwo, ṣùgbọ́n kò gba ìwọ̀sí. Ìwà náà ni a ń bọ ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sára àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005.

Ìtàn Ọbà ni ó gba ìṣọ́ra jù. Wọ́n ní orogún rẹ̀ tàn án pé bí ó bá gé etí rẹ̀ sínú ọbẹ̀, Ṣàngó yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ó gé e. Ṣàngó bínú, Ọbà sá jáde, ó di odò. Ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n ń sọ ti Sita, aya Rama, tí Ravana gbé lọ sí Lanka. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbà á padà, ó ní láti la iná kọjá kí wọ́n tó gbà pé kò bà jẹ́. Síbẹ̀, wọ́n tún lé e nílé tòun ti oyún. Nígbà tí wọ́n tún béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bẹ ilẹ̀ kí ó lanu gba òun, ilẹ̀ sì gbà á. Ìfaradà nítorí ọkọ ni a máa ń fi ìtàn méjèèjì kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tí ó bá kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ti gé ìparí ìtàn dànù: Ọbà kò padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni Sita kò padà.

Savitri yàtọ̀. Nígbà tí Yama, ọba ikú, gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ó tẹ̀ lé e, ó ń bá a sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n títí Yama fi ní kí ó tọrọ ohun tí ó bá wù ú, àfi ẹ̀mí ọkọ rẹ̀. Ó tọrọ ọmọ púpọ̀. Yama gbà kí ó tó rántí pé opó kò ní ẹni tí yóò bá a bí wọn.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Mọremí Àjàṣorò lò, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Àwọn Ìgbò, tí wọn kì í ṣe Ìgbò ìlà-oòrùn Nàìjíríà, a máa fi ìkó bora wọ Ifẹ̀, àwọn ará ìlú a rò pé ẹbọra ni, wọn a sá. Mọremí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsinmìrìn, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ó di aya ọba wọn, ó gbọ́ àṣírí wọn, ó sá wálé: iná ògùṣọ̀ ni kí wọ́n fi dúró dè wọ́n. Báyìí ni Ifẹ̀ ṣe bọ́. Àwọn ará Ugbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ka ara wọn sí ìran àwọn tí a ṣẹ́gun yìí. Kò yẹ kí ó yani lẹ́nu bí wọn kò bá fi ojú tí Ifẹ̀ fi ń wo Mọremí wò ó.

Ère rẹ̀ gíga tí wọ́n gbé dúró ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016 ń ṣe àfihàn ìgboyà rẹ̀. Ohun tí ó san kò hàn lára rẹ̀. Ẹsinmìrìn kọ màlúù, ó kọ àgùntàn. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó gbà. Nínú ìwé Samuel Johnson tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, gbogbo Ifẹ̀ ṣèlérí láti máa jẹ́ ọmọ fún Mọremí títí láé. Ní ti ọmọ náà, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, ó kàn dákú ni. Nígbà tí ó jí, ó fi koríko ṣe okùn, ó sì gùn ún lọ sí ọ̀run.