Inú Rírun Obìnrin àti Ìdárayá Yógà

Bí ọ̀dọ́mọbìnrin bá ní inú ń run òun nígbà nǹkan oṣù, èsì tí àwọn àgbà sábà máa ń fọ̀ ni pé, "Bí o bá bímọ, yóò lọ." Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé gbólóhùn ìtùnú yìí, àti 'inú rírun' fúnra rẹ̀, wà lára ohun tí ó ń bo àìsàn kan mọ́lẹ̀ láàrin wa. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè é ní endometriosis.

Ẹran ara tí ó jọ èyí tí ó tẹ́ inú ilé-ọmọ ni ó ń hù sí ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀: ara ilé-ẹyin, ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ a máa wú, a sì máa dá àpá sínú ara. Ó sì lè mú kí oyún ṣòro í ní. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó ní in. Ìgbà kan wà tí àwọn ìwé ìṣègùn ń sọ pé kò wọ́pọ̀ láàrin obìnrin adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣègùn ní UCH, Ìbàdàn, fi ẹ̀rọ awòye wo inú ikùn àwọn obìnrin tí ó ní ìṣòro nípa ilé-ọmọ, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó ní in. A kò rí i tẹ́lẹ̀ nítorí pé a kò wò ó.

'Inú' gbòòrò púpọ̀ nínú èdè Yorùbá. Oúnjẹ, oyún, ìbínú àti ayọ̀, inú ni gbogbo wọn ń gbé. Nítorí náà, "inú ń run mí" kò tọ́ka sí ibì kan pàtó fún dókítà. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa ni ó ṣe kedere jù: inú a máa lọ́, ìbàdí a máa ro, abẹ́ ìdodo a máa gún, itan a máa fà. Ní Ìlú Bìní tí a ti ń kọ èyí, níbi tí Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Benin ti wà láti 1973, Píjìn ni aláìsàn púpọ̀ ń sọ. Àbùkù kan náà ni 'belle' ti Píjìn sì ní.

Yógà kì í wo àìsàn yìí sàn. Oògùn àti iṣẹ́ abẹ ni ó ń kojú ẹran náà. Ìrora ni yógà ń bá wí. Ẹni tí ìrora bá ń bá fínra fún ọdún púpọ̀, iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí rẹ̀ a máa le, líle náà a sì tún di ìrora mìíràn. Mímí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ a máa tú u. Yorùbá ní 'mí kanlẹ̀', tí a ń lò fún ìbànújẹ́ tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀. Ohun tí olùkọ́ yógà ń wá gan-an nìyẹn. Nínú ìdúró kan, obìnrin yóò kúnlẹ̀, yóò jókòó lé gìgísẹ̀, yóò sì tẹ̀ síwájú títí iwájú orí rẹ̀ yóò fi kanlẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò ní ka èyí sí àjèjì.

Láti India ni yógà ti wá. Nínú èdè Sanskrit, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ àjàgà tí a fi ń so ẹran pọ̀. Àwọn ará ìjọ kan ń bẹ̀rù pé ìbọ̀rìṣà ni. Ẹ̀sìn wà nínú ìtàn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mímí àti ìkúnlẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni pe òrìṣà kankan.

Ìwádìí kan láti Brazil, tí ó jáde ní 2017, kó obìnrin 40 jọ. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ṣe yógà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìrora ojoojúmọ́ wọn sì dín ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Iye náà kéré, a kò sì gbọdọ̀ fi í búra.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, tí ibà ń ṣe, tàbí tí ó fura pé òun lóyún, dókítà ni kí ó kọ́kọ́ rí. Bí ìdúró kan bá sì mú ìrora wá, kí ó dá a dúró, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà gan-an fún olùkọ́ rẹ̀: ó ń gún, ó ń fà, tàbí ó ń lọ́.