Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Ṣọ́jà: Oṣù Mẹ́fà Ni Ìmúra, Kì í Ṣe Alẹ́ Ọjọ́ Kan

Bí àwọn ọmọ bá ti ń parí ìdánwò WAEC ni ìbéèrè kan máa ń bá mi nílé oògùn, tí yóò tún bá mi ní ìta mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: "Dókítà, ọmọ mi ní iṣẹ́ ṣọ́jà lòun fẹ́ ṣe. Kí ni ká máa fún un lò?" (Apòògùn ni mí, n kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ní Bàrígà, ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn káńtà oògùn, dókítà ni.)

N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ọmọ rẹ̀ lọ tàbí kó má lọ. Yunifásítì Èkó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Àkókà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ Ṣómólú ló ń rí àyè wọ ibẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé wù. Iṣẹ́ ọba tó ń gba ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá, tó sì ń san owó oṣù fún un, kò sí òbí tí kò ní rò ó wò. Ìpinnu yẹn wà láàárín ọmọ, òbí àti Ọlọ́run. Ara tí ọmọ máa gbé lọ síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Nínú ìpolówó tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti ń gbé jáde láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 22, oníṣẹ́ ọwọ́ lè tó 26. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.68 lọ, obìnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju 1.65 lọ. Ó kéré tán, ọmọ gbọ́dọ̀ yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin, láàárín ìjókòó ìdánwò tí kò ju méjì lọ. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá yín rí ọ̀gá kan, gbájú-ẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á yẹ ara wò, wọ́n á ní kí wọ́n sáré, kí ẹni tó bá yege tó lọ sí Zaria fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí oṣù mẹ́fà. Gíga kò ní oògùn, ẹ má fi owó ra ohun tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn ga. Àwọn yòókù ni ìmúra lè ràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni àwọn ọmọ wa ń múra? Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wọlé wá bá mi ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ó ní àárọ̀ ọ̀la ni àyẹ̀wò òun. Ó fẹ́ oògùn tí yóò fa bíípíì òun wálẹ̀, ó fẹ́ èyí tí yóò fọ ìtọ̀ òun mọ́, ó tún fẹ́ tramadol, torí wọ́n ní ẹsẹ̀ kì í dun ẹni tó bá lò ó sáré. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 152 lórí 96. Ọmọ ọdún 19! Mo ní, "Ṣé o ti wọ̀n ọ́n rí?"

"Rárá, Dókítà. Ọ̀rẹ́ mi ló ní ó máa ń ga tí ẹ̀rù bá ń bani."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò purọ́, àmọ́ mo bi í ní ohun tó mu. Energy drink agolo mẹ́ta ni, láti ọ̀sán. Mo fún un ní omi, mo ní kó jókòó. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú mo tún un wọ̀n, ó ti wálẹ̀ díẹ̀. N kò ta ìkankan nínú oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Inú bí i, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá gbé e mì lálẹ́, tó jí sáré nínú oòrùn, òòyì lè kọ́ ọ kó ṣubú. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ ṣáá ń fa omi àti iyọ̀ kúrò lára ni, ní ọjọ́ tí ara nílò méjèèjì jù. Ìtọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ fọ̀ yẹn, igbó kì í jáde nínú rẹ̀ lóru kan. Ẹni tó ń mu ún déédéé lè gbé e kiri lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní ti tramadol, ìwọ̀n tí NAFDAC fọwọ́ sí kò ju mílígíráàmù 100 lọ. Ti 225 tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ kò ní àṣẹ kankan. Ó lè mú gìrì ki èèyàn mọ́lẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró. Ọmọ tí gìrì ki rí kò ní rọrùn fún un láti ṣàlàyé níwájú dókítà ológun. Omi ikọ́ oní-codeine náà, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Ẹni tó bá ṣì ń tà á fún ọmọ yín kò fẹ́ràn yín.

Àwọn tó tín-ín-rín tún wà, tí wọ́n ń ra dexamethasone kí wọ́n lè "sanra wọ bárékè". Ọ̀rá àti omi ló ń kó sí ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í ṣe iṣan. Ó ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bí wọ́n bá sì dá a dúró lójijì lẹ́yìn ìlò pípẹ́, ara lè dá kú. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti oorun ló ń ṣe ohun tí wọ́n ń wá.

Nítorí náà, kí ọmọ mọ ara rẹ̀ kí àwọn ológun tó mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ku oṣù mẹ́fà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ti Ṣómólú tàbí ti Gbàgádà. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò fún ṣúgà. Bí ọmọkùnrin bá ní ìpá, tí ojú ń tì í láti sọ, iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe, àmọ́ ó nílò àkókò kí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Fún ọmọbìnrin, ẹ béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, pàápàá bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá máa ń pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ AS. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní in. Kì í ṣe àìsàn, AS kì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Àmọ́ eré àsápajúdé nínú ooru, láìsí omi lára, lè mú kí iṣan ẹni tó ní in bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ìdọ̀tí iṣan yẹn sì ba kíndìnrín jẹ́. Ó ti pa àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ogun àti eléré ìdárayá ní Amẹ́ríkà. Kí ọmọ AS máa fi kún eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa mu omi, kó má fi ibà sáré. Bí itan tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún tí kò sì lágbára mọ́, kó dúró. Bí ìtọ̀ bá dúdú bí sóbò, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kó má gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì láti fi bo ìrora, torí kíndìnrín tí omi kò tó fún ni yóò gba ẹrù yẹn.

Ásímà ni àwọn ìyá máa ń ní ká fi pamọ́. Mo mọ ìdí: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á lé ọmọ padà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé e padà lóòótọ́, ìyẹn sì ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí eruku ọyẹ́ ṣe ń rí ní Zaria, níbi tí ìyá kò sí nítòsí láti fa ìnhélà jáde.

Àdúgbò wa kò sì ṣàjèjì sí ohun tí ogun ń fi ara ṣe. Ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì tí a ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ní 1945 ló di ilé ìwòsàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn ṣọ́jà tó gbọgbẹ́ bọ̀ láti Ogun Àgbáyé Kejì ni tẹ́lẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í ṣe. Ní 1944, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti nínú ikùn ní Bọ́mà, ìdílé àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ló sì ń gbé oúnjẹ fún òun àti ẹnì kejì rẹ̀ níbi tí wọ́n fara pamọ́ sí, fún bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Kìràkìtà ẹlòmíràn ni ìlera ṣọ́jà máa ń já sí. Ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́ wọlé, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò gbé e léjìká.

Ó ku ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́. Àwọn kan nínú wa, tí wọ́n ń kírun márùn-ún, á gbé ọmọ lọ sín gbẹ́rẹ́ ayẹta. Ẹ bi àwọn áfáà wa léèrè ibi tí ìyẹn wà nínú ẹ̀sìn. Èmi á sọ ti abẹ: abẹ kan náà fún ọmọ márùn-ún ń gbé àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B àti HIV láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ayẹta tí mo mọ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n tó gún un ní mẹ́ta: èkíní lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ rí i pé òun náà kò ṣeé rà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ní ti eré sísá, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ló dára jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kánmọ́kánmọ́. Nínú Ramadan, ẹ sún eré sí ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ ṣínu, tàbí lẹ́yìn àṣámù. Bàtà òkìríkà kò burú bí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá ṣì le. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ. Ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ lẹ́yìn àlùwàlá kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí kòkòrò tó ń jẹ ẹsẹ̀ má baà ráyè. Bí làpálàpá bá wà ní abẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ nílé. Inú ilé ìwẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, kíá ló ń ràn.

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àláádì, a máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú mọ́sálásí. Kí ọmọ má mu energy drink wá, kó sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání bó bá ní in.