Awọ Ara Ló Ń Yún, Ọkàn Ló Ń Gbọgbẹ́

Ọ̀pọ̀ yín ti bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Èsì rẹ̀ rèé: mo ní àrùn awọ ara tí wọ́n ń pè ní psoriasis. Ó wà ní ìgúnpá mi méjèèjì, ní orúnkún àti ní orí.

Kì í ṣe làpálàpá, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ràn rárá. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ló ṣìnà tí wọ́n dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀. Awọ tuntun tó yẹ kó gbà tó oṣù kan kó tó jáde á yọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó gbó ò tíì bọ́, òmíràn ti dé, wọ́n á wá gbára jọ bí ìpẹ́ ẹja. Lára òyìnbó, ó máa ń pọ́n. Lára àwa adúláwọ̀, ó lè dúdú tàbí kó rí bí eérú. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ra ìpara làpálàpá lásán.

Èyí tí ẹ ò rí ló le jù. Lọ́dún tó kọjá, onígbàjámọ̀ kan wo orí mi, ó lóun ò gẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ẹni tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì sún àga rẹ̀ kúrò. Mi ò bá a jà. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èèyàn. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, oúnjẹ ò wù mí, ara yíyún ò jẹ́ kí n sùn lóru. Wọ́n ní mo ti ya ọ̀lẹ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Dókítà ló bi mí pé, "Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ẹ?" Ẹkún ni mo bú sí. Ó ní ìsoríkọ́ nìyẹn, pé ó máa ń bá àwa tá a ní psoriasis jà ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ojú burúkú táráyé fi ń woni wà lára ohun tó ń fà á, àìsùn náà wà níbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn èròjà kan wà táwọn ọmọ ogun ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí agbára wọn ń dé ọpọlọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn etanercept, tó ń dá ọ̀kan lára àwọn èròjà náà dúró. Ìsoríkọ́ wọn dín kù ju ti àwọn tí wọn ò fún lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbànújẹ́ pàápàá máa ń mú kí awọ náà burú sí i. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun á tẹ̀lé e.

Psoriasis kì í lọ pátápátá, àmọ́ ìtọ́jú wà tó ń dẹ̀ ẹ́. Ìsoríkọ́ náà ní ìtọ́jú. Tí inú rẹ bá ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí nǹkan kan ò wù ẹ́ mọ́, sọ fún òbí, tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì. Tó bá wá ń ṣe ẹ́ bíi kó o kú, má dúró dìgbà kankan, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹnì kan nínú yín wá jókòó sórí àga tó ṣófo yẹn, ó ní kí n ṣàlàyé àlúgẹ́bírà fóun. Kò mọ̀ pé oògùn lòun fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, mi ò ní wọ súwẹ́tà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi mí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún àga.